Ẹ̀sìn Nínú Ilé, Ẹ̀sìn Lójú Agbo: Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé àti Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà tí ó wọlé sọ́dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lóṣù yìí pọ̀ ju èyí tí ojú ewé wa lè gbà lọ. A ṣa mẹ́rin nínú wọn, a gé èyí tí ó gùn kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n kúrò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá wọn, ọmọ wọn tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń jọ́sìn ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni olórí ẹ̀ka kan ní ilé-iṣẹ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ 19 ni ó sì wà lábẹ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ipò yìí ni mo ti ń fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ìpàdé wa ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ, n kò sì fi dandan lé e fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹ̀sìn tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, wá bá mi. Ó ní kí n má bínú, ó ní òun a máa dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn títí a ó fi ṣe Àmín tán kí òun tó wọlé, pé òun kò kàn fẹ́ kí n máa rò pé òun ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ẹlòmíràn tí mo sọ ọ́ fún sọ pé abẹ́ òrùlé ẹni ni ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn mọ, pé kí n máa fi Ọlọ́run mi sílẹ̀ nílé kí n tó jáde. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹni tí ó ní kí ẹ fi Ọlọ́run yín sílẹ̀ nílé lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó rọrùn jù láti tú. Kò sí ẹ̀sìn kan tí mo mọ̀ tí kò ní ohun tí ó sọ nípa bí ènìyàn ṣe ń tajà, bí ó ṣe ń jẹ́rìí, bí ó ṣe ń san owó alágbàṣe, àti bí ó ṣe ń ṣe sí àlejò. Gbogbo ìwọ̀nyí, ìta ni wọ́n ti ń ṣẹlẹ̀. Òfin pàápàá kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sìn rẹ̀ há inú yàrá. Nínú Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní Paris ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948, abala 18 sọ pé olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹ̀sìn tí ó wù ú, láti pa á dà bí ó bá fẹ́, àti láti máa ṣe é, ìbáà jẹ́ òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, ní ìkọ̀kọ̀ tàbí ní gbangba. Ọ̀rọ̀ náà "ní gbangba" wà níbẹ̀ kedere.

Nítorí náà, mímú tí ẹ mú Ọlọ́run yín dé ibi iṣẹ́ kò lòdì sí ohunkóhun. Àga tí ẹ jókòó lé ni ó mú ọ̀rọ̀ náà le. Ẹ ní ẹ kò fi dandan lé e, mo sì gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń buwọ́ lu ìwé ìsinmi ọmọ yìí? Ta ni ó ń kọ ohun tí yóò wà nínú fáìlì rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá dé? Bí ọ̀gá bá sọ pé "ẹni tó bá wù ú", etí ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí bí ohùn ọ̀gá náà ṣe lè tutù tó tí yóò yí èyí padà.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà rí. Àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ New York kọ àdúrà kúkurú kan, ọ̀rọ̀ 22 péré ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí kò dárúkọ ẹ̀sìn kankan, wọ́n sì dábàá pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kà á ní àràárọ̀. Ọmọ tí kò bá fẹ́ lè dákẹ́, ó sì lè jáde. Àwọn òbí kan pe ẹjọ́, nígbà tí ó sì di ọdún 1962, ilé ẹjọ́ náà dá wọn láre. Ohun tí ìdájọ́ náà dá lé ni pé kíkọ àdúrà fún aráàlú kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba, bó ti wù kí àdúrà náà dára tó, àti pé nígbà tí agbára ìjọba bá ti wà lẹ́yìn ìgbàgbọ́ kan, àwọn tí kò pọ̀ níye ti wà lábẹ́ ìfipá, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá nà wọ́n ní pàṣán. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n ní wọ́n ti lé Ọlọ́run kúrò ní ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kò sọ pé kí ọmọ kankan má gbàdúrà fúnra rẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé ìdánwò, èmi kò sì rò pé òfin kan wà láyé tí ó lè dá irú àdúrà bẹ́ẹ̀ dúró.

Èmi náà ti wà nípò ọmọ yẹn rí, àfi pé èmi kò ní ìgboyà tirẹ̀. Akọ̀wé kékeré ni mí nígbà náà, ní ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Bí ọ̀gá wa bá ti bọ́ awò ojú rẹ̀ tí ó gbé e lé orí tábìlì, a mọ̀ pé àdúrà kàn nìyẹn, gbogbo wa a sì dìde. Mo máa ń gbá fáìlì mọ́ àyà, mo máa ń wo ìlà tí ó wà láàárín sìmẹ́ǹtì ilẹ̀, bí wọ́n bá sì ti dé òpin, èmi náà a ké Àmín, kò sì ní rẹlẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. N kò rántí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú àdúrà wọ̀nyẹn mọ́. Àmín tèmi ni mo rántí, nítorí pé irọ́ ni mo ń pa, níwájú ẹni tí wọ́n ń gbàdúrà sí àti níwájú ẹni tí ó ń gbà á.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni ẹ̀yin, n ó mú àdúrà náà kúrò nínú ìpàdé. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà lè dé ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, nínú yàrá mìíràn, kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe olórí ẹ̀ka máa pè é, kí ẹ̀yin sì wọlé bí ọ̀kan lára wọn, láì wo ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá. Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ pe ọ̀dọ́ náà, kí ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn yín ṣùgbọ́n ẹ kò bínú sí i. Ohun tí ó ṣe kò rọrùn.

Ìbéèrè: Ta ni ó kọ́kọ́ ní kí ẹ̀sìn àti ìjọba pínyà? Bàbá mi máa ń sọ pé àwọn aláìgbàgbọ́ ni, pé wọ́n kórìíra Ọlọ́run ni wọ́n fi dá a sílẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí bàbá. Àwọn aláìgbàgbọ́ kan wà nínú ìtàn náà lóòótọ́, àmọ́ àwọn onígbàgbọ́ tí ojú wọn rí màbo ni ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní ọdún 380 ni Theodosius, olú-ọba Róòmù, pàṣẹ pé ẹ̀sìn Kristẹni, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ tí ó pé jọ ní Nicaea ṣe là á sílẹ̀, ni gbogbo ènìyàn abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣe. Ìyà àṣẹ náà kò mọ sí orí àwọn abọ̀rìṣà nìkan. Ó dé orí àwọn Kristẹni pàápàá tí ó gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbọ́ lọ́nà mìíràn. Ní 1555, àdéhùn Augsburg fún àwọn ọmọ aládé ilẹ̀ Jámánì ní àṣẹ láti yan ẹ̀sìn tí àgbègbè wọn yóò máa ṣe, yálà Kátólíìkì tàbí ti Luther; ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè ta ohun ìní rẹ̀ kí ó kó lọ. Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1618 kò tán títí di 1648, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sì wà lára ohun tí ó dá a sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan Roger Williams. Oníwàásù ni, ó sì le koko nínú ẹ̀sìn débi pé àwọn tí wọ́n jọ kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìgbàgbọ́ kò lè bá a gbé. Ó ń wàásù pé adájọ́ ìlú kò ní àṣẹ lórí ohun tí ó wà láàárín ọkàn ènìyàn àti Ọlọ́run, pé ẹni tí a fipá mú jọ́sìn, alágàbàgebè ni a sọ ọ́ dà. Ilé ẹjọ́ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, lé e kúrò nílùú ní 1635. Nínú òtútù ni ó sá lọ, ní 1636 ó sì tẹ Providence dó, níbi tí a kò ti fi òfin mú ẹnikẹ́ni jọ́sìn. Ní Virginia, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, àwọn oníwàásù Baptist ń ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé wọ́n wàásù láì gba ìwé àṣẹ. Àwọn gan-an ni ó ti Jefferson àti Madison, àwọn olóṣèlú Virginia tí wọ́n di ààrẹ Amẹ́ríkà nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn títí òfin òmìnira ẹ̀sìn fi jáde níbẹ̀ ní 1786. Gbólóhùn tí gbogbo ayé ń pè kiri nípa ògiri tí ó dá ìjọ àti ìjọba sí méjì, inú lẹ́tà tí Jefferson kọ ní 1802 ni ó ti gbajúmọ̀. Ẹ wo ẹni tí ó kọ ọ́ sí: àwọn ọmọ ìjọ Baptist ní Danbury, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, níbi tí ìjọba ń gbè lẹ́yìn ìjọ mìíràn. Àwọn tí ó ń fẹ́ ògiri náà ni àwọn tí ó wà lábẹ́ òjò.

Bí ó ṣe rí láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ kò dọ́gba. Òfin Faransé ti ọdún 1905 ní ìjọba kò ní dá ẹ̀sìn kankan mọ̀ lọ́tọ̀, kò sì ní san owó fún un; síbẹ̀ òfin kan náà fàyè gba owó àlùfáà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ilé ìwòsàn, nítorí pé ẹni tí ó wà níbẹ̀ kò lè jáde lọ jọ́sìn. Ní Strasbourg àti agbègbè rẹ̀ pàápàá, ìjọba ṣì ń san owó oṣù àwọn àlùfáà, torí pé abẹ́ Jámánì ni ibẹ̀ wà ní 1905. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọba ni olórí Ìjọ Áńgílíkà ibẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù 26 ni ó sì ní ìjókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Ìwé òfin Denmark dárúkọ ìjọ Luther gẹ́gẹ́ bí ìjọ orílẹ̀-èdè láti 1849. Ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ ń gbé ní Denmark láìsí ẹni tí ó dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní Albania, tí ó ní òun ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láyé tí ó kọ Ọlọ́run sílẹ̀, ìjọba ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pa ní 1967, wọn kò sì dá òmìnira ẹ̀sìn padà títí di 1990. Èmi kò ka ìyẹn sí ìpínyà rárá. Inú ọkàn aráàlú ni ìjọba náà fẹ́ wọ̀, gẹ́gẹ́ bí Theodosius ti fẹ́, àfi pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni ó gbà.

Ìbéèrè: Ẹ máa ń kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn yín pé kí àwọn olórí ẹ̀sìn ṣọ́ra fún òṣèlú. Ṣé kì í ṣe àwọn olùjọ́sìn ni ó fòpin sí òwò ẹrú? Bí wọ́n bá ti gba irú ìmọ̀ràn yín, ibo ni ọ̀rọ̀ ì bá wà lónìí?

Ìdáhùn: Ẹ mú wa, a sì gbà. Àwọn Quaker, ìyẹn ẹgbẹ́ Kristẹni kan, ni ó kọ́kọ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí òwò ẹrú sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1783, nínú ènìyàn 12 tí ó sì dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní 1787 láti gbógun tì í, 9 jẹ́ Quaker. Àwọn fúnra wọn kò lè jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ náà, torí pé ẹ̀sìn wọn kò gbà kí wọ́n búra. Wilberforce, aṣòfin kan tí òun náà jẹ́ onígbàgbọ́ gidi, ni ó ń gbẹnu wọn sọ níbẹ̀, títí òfin fi fi òpin sí òwò náà ní 1807.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá kejì tí kò dùn-ún sọ. Nígbà tí Christopher Codrington kú ní 1710, ó fi oko ìrèké rẹ̀ ní Barbados sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kan nínú Ìjọ Áńgílíkà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tan ìyìn rere kálẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gba oko, ó sì gba àwọn ẹrú inú oko náà pẹ̀lú. Wọ́n a máa fi irin gbígbóná tẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà, "Society", sí wọn láyà. Ní 2006 ni ìgbìmọ̀ gbogbogbò ìjọ náà tọrọ àforíjì. Ní Gúúsù Áfíríkà náà, Bíbélì kan náà ni ó wà lọ́wọ́ Desmond Tutu, bíṣọ́ọ̀bù tí ó gbógun ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àti lọ́wọ́ ìjọ Dutch Reformed tí ó fi ẹsẹ̀ Ìwé Mímọ́ ti ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lẹ́yìn. Nítorí náà, kí ẹnì kan kàn sọ pé ẹ̀sìn ni ó rán òun wá sí agbo òṣèlú kò tíì sọ ohunkóhun fún wa nípa ohun tí ó gbé wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ tí àwọn tí ó gbógun ti òwò ẹrú fi mú un. Ìgbàgbọ́ ni ó jí Thomas Clarkson, ọ̀kan nínú àwọn 12 tí ó dá ìgbìmọ̀ ọdún 1787 sílẹ̀, lójú oorun, àmọ́ nígbà tí ó dé Liverpool, ilé ìtajà ni ó wọ̀, ó sì ra ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́, ti ẹsẹ̀, irin tí wọ́n fi ń fún àtàǹpàkò, àti irin tí wọ́n fi ń la ẹnu ẹrú tí ó bá kọ̀ láti jẹun. Ó gbé wọn kiri, ó ń fi wọ́n han àwọn ènìyàn. Ó lọ bá àwọn atukọ̀, ó sì ṣe ìṣirò iye àwọn atukọ̀ funfun pàápàá tí ó ń kú lẹ́nu òwò náà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àwòrán inú ọkọ̀ ojú omi Brookes jáde, níbi tí a ti rí ènìyàn tí ó lé ní 400 tí a tò gbọọrọ bí igi ìdáná. Kristẹni, Júù àti ẹni tí kò gba nǹkankan gbọ́ ni ó lè di irin wọ̀nyẹn mú, kí ó mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó. Ìyàtọ̀ tí mo ń wá nìyẹn. Bí olórí ẹ̀sìn bá wá sí agbo tí ó ní "ohun tí ìgbàgbọ́ mi fi hàn mí rèé, ẹ̀yin náà ẹ wá wò ó", kí ó máa bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé "Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀, ẹ pa ẹnu yín dé" ni, ó ti gba ìpàdé lọ́wọ́ gbogbo wa, bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí a fẹ́ dìbò fún ni ó ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yàn fún ìjọ, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, ti ẹni tí ó ti dé ipò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, John Kennedy, Kátólíìkì tí ó ń díje fún ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, dúró níwájú àwọn oníwàásù Pùròtẹ́sítáǹtì ní Houston, ó ní òun kì í ṣe olùdíje ìjọ òun, pé ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó fa òun kalẹ̀, òun kàn jẹ́ Kátólíìkì ni. Gbogbo ènìyàn ni ó rántí èyí. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni pé ó tún ní bí iṣẹ́ ààrẹ bá fẹ́ mú òun ṣe ohun tí ó lòdì sí ẹ̀rí ọkàn òun, òun yóò fi ipò náà sílẹ̀. Kò ní òun yóò pa ẹ̀rí ọkàn tì, kò sì ní òun yóò fi ipò gbé e ka ẹlòmíràn lórí.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, sọ fún mi ní oṣù méjì sẹ́yìn pé òun kò bá mi lọ sí ilé ìjọsìn mọ́. Mo gba fóònù rẹ̀, mo sì sọ fún un pé ilé mi nìyí, kì í ṣe ilé ìjọba. Láti ìgbà náà ni ó ti ń tẹ̀lé mi, ṣùgbọ́n kì í bá mi sọ̀rọ̀ lọ, kì í bá mi sọ̀rọ̀ bọ̀. Ṣé mo jẹ̀bi?

Ìdáhùn: Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ ọmọ yín ní ọ̀nà tí ẹ mọ̀. Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ti ọdún 1989, kò gba ìyẹn lọ́wọ́ òbí: abala 14 rẹ̀ ní ọmọ ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, òbí sì ni ó ní ẹ̀tọ́ láti tọ́ ọ sọ́nà nínú rẹ̀, ní ìwọ̀n bí òye ọmọ náà bá ṣe ń pọ̀ sí i. Jámánì tilẹ̀ ti fi ọjọ́ orí sí i láti 1921. Níbẹ̀, láti ọmọ ọdún 12, ẹnikẹ́ni kò lè pa ẹ̀sìn tí a fi tọ́ ọmọ dà láìjẹ́ pé òun náà gbà. Bí ó bá di 14, òun ni yóò yan tirẹ̀.

Òfin ibi tí ẹ ń gbé lè yàtọ̀, èmi kò sì fẹ́ fi òfin dẹ́rù bà yín lórí ọmọ yín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ wo lẹ́tà àkọ́kọ́ lókè yìí. Olórí ẹ̀ka yẹn ní àga. Ẹ̀yin náà ní àga, tiyín sì ga ju tirẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀dọ́ tí ó dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lè wá iṣẹ́ mìíràn, ọmọ yín kò lè wá bàbá mìíràn. Ẹ ti rí ara ọmọ náà mú dé ilé ìjọsìn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ láti oṣù méjì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ ń bá pàdé lọ́nà fi ibi tí ìyókù rẹ̀ wà hàn yín.

Ẹ dá fóònù rẹ̀ padà fún un, kí ẹ má sì so ó mọ́ ohunkóhun. Ní ọjọ́ ìjọsìn tó ń bọ̀, ẹ múra, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ, kí ẹ sì lọ. Bí ẹ bá dé tí ó bá jókòó tì yín, ẹ béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tí ó fi ní òun kò lọ mọ́, nítorí pé nínú gbogbo lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa, n kò rí i pé ẹ ti béèrè.